Àmì Kan Lórí Ọ̀rọ̀ Rálíà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, mo jókòó sẹ́yìnkùlé ilé ọmọ mi ní Tayi Village, ní Minna níbí, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tí fóònù Dámilọ́lá, ọmọ-ọmọ mi obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ojú mi kò ríran kàwé dáadáa mọ́, nítorí náà ọmọ yìí ti wá nǹkan kan sínú fóònù rẹ̀ tó máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ ránṣẹ́ jáde ní Yorùbá, kí èmi náà lè máa gbọ́ ìròyìn ilé. Ìyá rẹ̀ ló kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Ohùn inú fóònù ké sókè láìtijú, ó ní: "Ọkọ bàjẹ́ lọ́nà Kpakungu, ẹsẹ̀ ni mo fi ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ ọkọ tí wọ́n ní ó bàjẹ́ yìí wà nínú pálọ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù. Dámilọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

"Haba, Màmá àgbà! Kẹ̀kẹ́ ló bàjẹ́ o, kì í ṣe Dádì!"

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kọ ọkọ̀, kò fi àmì sí i, ohùn inú fóònù kò sì mọ èwo ni èwo. Àmọ́ kí ẹ̀rín náà tó tán lẹ́nu mi ni omi ti gba ojú mi, mo sì purọ́ fún ọmọ náà pé eruku ẹ̀wà ni. Irú àṣìkà yìí gan-an ni mo ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá, ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ kò ṣe é tún ṣe títí di òní.

Rálíà ni orúkọ ọ̀rẹ́ tí mo ṣe é sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ Minna tí mò ń sọ. Ọdún díẹ̀ ló kù kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọmọ rélùwéè ni èmi; láti Òṣogbo ni wọ́n ti gbé bàbá mi wá láti máa fi àsíá darí ọkọ̀ ojú irin, ilé tí wọ́n fún wa sì sún mọ́ ojú irin débi pé bí ọkọ̀ bá ń kọjá, gbogbo àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù màmá mi ni yóò máa kí ara wọn. Ní àdúgbò Limawa ni Rálíà ń gbé, ní agboolé àwọn ará Ìlọrin. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lábẹ́ igi dògóyárò iwájú ilé. Ìyá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní kékeré, òun nìkan sì ni obìnrin náà bí. Ààfáà fẹ́ràn ọmọ yìí débi pé nígbà tí àwọn ará ilé ní kí ó má rán ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé bọ́kọ̀, ìyẹn ilé ìwé òyìnbó, ó da etí dídi sí wọn.

Àwa méjèèjì ni ọmọ Yorùbá tó jẹ́ obìnrin ní kíláàsì wa, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni a sì ń jókòó. Hausa ni mo mọ̀ ọ́n sọ ní tèmi. Yorùbá mi máa ń ṣe màmá mi bíi kó sunkún. Ti Rálíà yàtọ̀, nítorí ìyá-ìyá rẹ̀ láti Ìlọrin ló tọ́ ọ dàgbà. Ó máa ń ní èmi ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ pé igbá fọ́, mo lè sọ pé igba fọ́, òun á sì bi mí pé ṣé igba nǹkan náà ló fọ́ tán pátápátá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé ìwé wa sọ fún wa pé àwọn òyìnbó ti ju nǹkan roboto kan sójú ọ̀run, ó sì ń yí ayé po láìjábọ́. Ariwo sọ. Àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní yóò jábọ́ sórí ọjà. Rálíà nawọ́ sókè, ó béèrè bóyá obìnrin wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Rálíà jókòó. Ó sọ sí mi létí pé: "To, àyè ṣì wà nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlú kan wà tó pè ní Bayan Wata, ìyẹn ẹ̀yìn òṣùpá lédè Hausa. Lójú ọ̀nà ilé ìwé, nígbà tí a bá ń jẹ mángòrò, nígbà tí ó yẹ ká máa ṣe ìṣirò, Bayan Wata ni. "Bí ó bá wá rí báyìí ńkọ́?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ojú rẹ̀ á sì kúrò lára mi. Ní Bayan Wata, omi fúnra rẹ̀ ló ń gun òkè wọ inú ìkòkò, nítorí náà kò sí ọmọbìnrin tó ń pẹ́ dé ilé ìwé torí pé ó lọ pọnmi. Àwọn ọkùnrin ló ń lọ ata níbẹ̀, ojú sì ń ta wọ́n. Ìwé wọn ní ohùn, ó ń ka ara rẹ̀ sókè, kí ẹni tí kò mọ̀wé má baà máa bẹ ẹlòmíràn kiri. Nítorí bàbá rẹ̀ ló ṣe dá èyí sílẹ̀. Kò sí ìwé kéwú tó le tí Ààfáà kì í kà, àmọ́ bí lẹ́tà bọ́kọ̀ kan bá dé láti Ìlọrin, á di ẹni tó ń wá ọmọdé kiri.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni òfin ìgbéyàwó wọn. Ní tiwa lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, bí àgbà bá bi wúńdíá léèrè ọ̀rọ̀ ọkọ, tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ti gbà. Nílé Ààfáà àti nílé àwa onígbàgbọ́, bákan náà ni. Ta ni yóò gbójú sókè wo bàbá rẹ̀ kó sọ pé òun ò fẹ́? Rálíà ní ní Bayan Wata, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bi ọmọbìnrin, bó bá sì dákẹ́, ó kọ̀ nìyẹn. Mo ní kó dákẹ́, kí ẹnì kan má gbọ́. N kò tíì ronú rí pé a lè yí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà. Mo rò pé bí òjò ṣe ń rọ̀ láti òkè náà ni wọ́n ṣe dá a.

Ọkọ̀ tó ń lọ sí Bayan Wata, ibùdókọ̀ bàbá mi ló ti ń gbéra. Rálíà ní Hausa ló la òun lójú. Jirgi ni Hausa ń pe ọkọ̀ ojú irin, jirgi náà ni ọkọ̀ ojú omi, jirgi náà ni ọkọ̀ òfurufú. Ó ní ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ti mọ̀ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, ibi tí ẹni tó wà nínú rẹ̀ bá lóun ń lọ ló ń lọ. Mo ṣàlàyé fún bàbá mi. Bàbá mi ní kó bá òun rán irú rẹ̀ wá, nítorí èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò tíì lè dé Zungeru lásìkò.

Lẹ́yìn náà ló fẹ́ máa kọ ìtàn náà sílẹ̀. Kò fẹ́ kọ ọ́ ní Hausa, torí gbogbo ọmọ kíláàsì ni yóò kà á. Yorùbá nìkan ló lè pa á mọ́, èmi nìkan ni mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá, torí wọ́n ń kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Mo kọ́ ọ. Mo kọ́ ọ ní àmì tó ń wà lábẹ́ lẹ́tà, torí mo mọ̀ ọ́n. Tòkè kò yé mi, mo sì sọ fún un pé kò pọn dandan. Ẹ rántí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹbí dé láti Ìlọrin. Ọkùnrin kan wà ní Gusau tó ń ta aṣọ, ọmọ Ìlọrin, onísùúrù, ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Òun ni wọ́n ní kí Ààfáà fi Rálíà fún. Ohun tí Rálíà ń fẹ́ ni kí wọ́n fi òun wọ ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tó wà ní ìlú mìíràn, èyí tí ọkọ̀ ojú irin máa ń gbé ọmọ lọ. Kò lè sọ ọ́. Ààfáà pè é, ó bi í nípa ọkùnrin náà, Rálíà sì tẹrí ba, kò fọhùn. Àwọn ẹbí ní ó ti parí. Ààfáà ní ọkàn òun kò tíì balẹ̀. Ó ti ṣèlérí fún ìyá ọmọ náà kó tó kú pé òun kò ní fi í síbi tí kò fẹ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan mo lọ wá Rálíà ní Limawa. Ó ti lọ pọnmi. Ààfáà jókòó sórí ẹní lábẹ́ dògóyárò, ìwé Rálíà wà níwájú rẹ̀. Ó ti rí i pé ọmọ náà kì í fi ìwé yìí sílẹ̀, ó sì rò pé ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ, ọwọ́ rẹ̀ á ti sọ ọ́.

"Ọmọ Rélùwéè, jókòó. Kà á fún mi. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀."

Ó ṣí i fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣí i. Láti ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí ìwé kéwú, bẹ́ẹ̀ náà ni Ààfáà ṣe ṣí ìwé Rálíà, ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni a sì bá. N kò tíì rí ojú ewé náà rí. Ohun tó wà níbẹ̀ rèé, bí ó ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Ohun ti mo fẹ ju ni ọkọ. Ọkọ ti o lagbara, ti yio gbe mi kuro ni ile baba mi lọ si ilu titun. Bi ọkọ na ba de, ki ẹnikẹni maṣe da mi duro."

Ọ̀rọ̀ ọkọ ló kún ilé náà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ọkọ ló wà lẹ́nu màmá mi, òun ló wà létí mi. Mo ka ọkọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á bẹ́ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu díẹ̀ pé Rálíà lè kọ irú rẹ̀, àmọ́ mo rò pé àgbà ti ń dé sí i. Ààfáà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, ohùn mi tilẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí mo fẹ́ kó rí i pé mo mọ̀wé. "Alhamdulillahi," ló sọ, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó bu kúlíkúlí fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán lọ́nà ilé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó bi Rálíà bóyá ohun tó kọ sínú ìwé yẹn, tinútinú rẹ̀ ni. Rálíà rò pé ẹnì kan ti ka ìtàn náà fún bàbá òun látòkè délẹ̀, kò sì bínú. Ó kúnlẹ̀, ó ní tinútinú òun ni.

Ní Mọ́ńdè, ijó ló jó wọ kíláàsì. Ó ní bàbá òun ti gbọ́, ó ti gbà láti ṣe é, wọ́n máa fi òun wọ ilé ìwé ìlú òkèèrè. Ó fa ìwé yọ láti fi ìparí ìtàn náà hàn mí. Ojú ewé tó ṣáájú èyí tí mo kà ní Sátidé ló kọ́kọ́ kà: ọkọ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ irin, tó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, tí kò ní èéfín, tó ń fò lórí odò. Ó wá ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, ó fi ẹnu ara rẹ̀ kà á. Ohun tí mo fẹ́ jù ni ọkọ̀. Mo tún wo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ó ń retí kí n sọ pé ó dára. Mo ní ó dára.

Mo sọ fún màmá mi. Ó jókòó, ó gbọ́ mi, ó káwọ́ lérí. Lẹ́yìn náà ló ní ta ló rán mi sí ọ̀rọ̀ ilé onílé, pé bí a bá dá sí i, wọ́n á ní àwa ará rélùwéè la ba ọmọ wọn jẹ́. Ó sunkún díẹ̀, ó sì ní kí n lọ fọ abọ́. Lọ́jọ́ Wẹ́sidé mo lọ fúnra mi. Mo kúnlẹ̀ níwájú Ààfáà, mo ní, "Bàbá, ọkọ̀ ni. Kì í ṣe ọkọ." Àmọ́ ẹ̀rù mú kí ohùn mi gbọ̀n, Yorùbá mi kò sì dára tẹ́lẹ̀, n kò mọ èwo ni mo tilẹ̀ pè. Ọkọ ni, kì í ṣe ọkọ. Bó ṣe dún sí i létí nìyẹn, mo rò. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ Minna! Wọ́n ti pín obì gòrò ìgbéyàwó, ọmọ mi."

Nígbà tí Rálíà gbọ́, ó sunkún fún bàbá rẹ̀, ó sunkún fún àwọn ẹbí, ó dì mọ́ òpó ilé. Wọ́n bá a rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń fi ìka nu ojú rẹ̀, torí ó yẹ kí ìyàwó sunkún. Gbogbo ẹkún tó sun ni wọ́n pè ní ẹkún ìyàwó. Wọ́n tilẹ̀ yìn ín pé ó mọ̀ ọ́n sun. Kò sí ohun tí ọmọ náà lè ṣe mọ́ nínú ayé tí wọn ò ní rí ìyàwó níbẹ̀.

Ohun kan ló bi mí: "Ìwọ lo kà á?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò bú mi, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mo kà wọ́n.

Ibùdókọ̀ bàbá mi ló ti gbéra lọ sí Gusau. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló ju àsíá. Rálíà yọrí lójú fèrèsé, làálì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìborí tuntun lórí rẹ̀, ó sì pè mí súnmọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Má sunkún," ló wí. "O ò ṣì í kà. Ọkọ gbé mi, ọkọ̀ náà sì gbé mi."

Ó rẹ́rìn-ín, wallahi, ó rẹ́rìn-ín. N kò rí i mọ́. Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwa kò ṣe é gba mẹ́fà. A gbọ́ pé ó bímọ méjì. Lẹ́yìn náà a gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kó wọn ré kọjá ẹnu ibodè, nítorí òwò. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọdún bíi mẹ́jọ lẹ́yìn náà, èmi ti di olùkọ́ ní Minna. Ààfáà ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ó ránṣẹ́ pè mí. Ìwé náà wà lórí ẹní, ó ti fi awọ bò ó bí ìwé kéwú rẹ̀.

"Kà á fún mi," ló wí. "Àárò ọmọ náà ń sọ mí."

Lọ́tẹ̀ yìí, láti ọwọ́ òsì ni mo ti ṣí i. Ọ̀sán Jímọ̀ mẹ́ta ni a fi kà á. Ó rẹ́rìn-ín sí àwọn ọkùnrin tó ń lọ ata. Nígbà tí a dé orí ìwé tó ń ka ara rẹ̀, ó ní ta ni Rálíà ṣe ìyẹn fún, mo ní òun ni. Nígbà tí mo ka òfin ìgbéyàwó Bayan Wata, ó ní kí n dúró ná. Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa kà á lọ. A dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Mo ti di olùkọ́, mo ti mọ àmì. Ọkọ̀ ni mo kà, lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mi kò gbọ̀n.

Ààfáà ní kí àwọn ọmọ kéwú kó wàláà wọn jọ, kí wọ́n máa lọ sílé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo sọ, Bàbá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "O sọ."

Ó fún mi ní ìwé náà. Kò pẹ́ tó fi kú.

Ó ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà mí, púpọ̀ nínú Bayan Wata ti dé bá yín, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́kọ́ rí i ní Limawa. Omi ń gun òkè wọlé, lọ́jọ́ tó bá wù ú. Mo ti rí ọkùnrin tó lọ ata. Dámilọ́lá ti gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ó ti ní òun ò fẹ́, mò ń gbọ́ láti inú yàrá mi, inú mi sì dùn títí ó fi di ìrora. Àmọ́ ilé kan wà lẹ́yìn tiwa níbí tí wọ́n ti bi ọmọbìnrin kan léèrè lọ́dún tó kọjá, ó dákẹ́, wọ́n sì ní ó gbà. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Kí ni mo ṣe? Mo jókòó síbi tí mo jókòó sí.

Lọ́jọ́ tí fóònù ṣi ọ̀rọ̀ kà yẹn, mo gbé ìwé Rálíà jáde. Mo ní kí Dámilọ́lá kọ ojú ewé tó gbẹ̀yìn sínú fóònù náà. Ó kọ ọ́ bó ṣe wà, ohùn náà sì ka ọkọ, bí èmi ṣe kà á gan-an, tó fi dà bíi pé mo tún ń jẹ kúlíkúlí. Mo wá kọ́ ọ ní àmì tó ń wà lókè, àmì kékeré kan. Ó fi í sí i. Ìwé tó ń ka ara rẹ̀ lanu, ó ní: "Ohun tí mo fẹ́ jù ni ọkọ̀."

Mo ní kó tún un kà. Ó kà á. Mo ní kó tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè pé ẹ̀ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Bayan Wata. Dámilọ́lá bi mí pé ta ni mò ń jẹ́ kó gbọ́ ọ. Mo ní Rálíà ni, àti bàbá rẹ̀.